Ẹ Má Gé Ìwé Àwọn Onílé Sinimá

Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé kan péré tí wọ́n gé kúrò nínú ìwé ìròyìn bíi Moving Picture World tàbí Exhibitors Herald ti tó ohun tí ènìyàn ń fi sí férémù, tó sì ń gbé kọ́ sára ògiri. Ìpolówó fíìmù aláwọ̀ mèremère ni, irú èyí tí Fox àti Paramount ń san owó lé lórí kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gé e mọ ohun tó ń ṣe. Odidi ìwé lè wà nílẹ̀ títí láìsí ẹni tó bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tú u palẹ̀, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan a ní oníbàárà tirẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ìyẹn àwọn ojú ìwé dúdú òun funfun tó kún fún lẹ́tà wẹ́wẹ́, a di pàǹtírí. Pàǹtírí yẹn gan-an ló yẹ kí olùkójọ máa wá.

Ìwé wọ̀nyí kì í ṣe ti àwọn tó ń lọ wòran. Photoplay ni tiwọn, tó ń ròyìn òṣèré àti ìgbéyàwó wọn. Ti àwọn onílé sinimá, ìwé iṣẹ́ ni. Moving Picture World bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1907, nígbà tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú ilé sinimá kò ju ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to àga sí lọ, tí owó ìwọlé sì jẹ́ sẹ́ńtì márùn-ún. Inú rẹ̀ ni F. H. Richardson ti ń kọ́ àwọn tó ń yí fíìmù bí wọn yóò ṣe tọ́jú ẹ̀rọ kí iná má bàa sọ. Inú rẹ̀ náà ni Epes Winthrop Sargent ti ń kọ́ onílé sinimá bó ṣe lè fa èrò wọlé. Ìpolówó dùùrù Wurlitzer, ẹ̀rọ Simplex, àga, tíkẹ́ẹ̀tì àti fáànù wà káàkiri ibẹ̀. Ní Chicago, Exhibitors Herald wà lọ́wọ́ Martin Quigley láti 1915. Nígbà tí 1927 parí, ó gbé Moving Picture World mì, ó tún da Motion Picture News pọ̀ mọ́ ọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ di Motion Picture Herald ní 1931. 

Láti 1916 ni Exhibitors Herald ti ní abala kan tó ń jẹ́ What the Picture Did for Me. Àwọn onílé sinimá fúnra wọn ló ń kọ lẹ́tà inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn láti ìlú kéékèèké. Wọn a dárúkọ fíìmù, wọn a sọ bó ṣe rí lójú èrò, bóyá owó wọlé tàbí kò wọlé, bóyá òjò ló lé èrò sílé ni àbí fíìmù ló burú. Wọn kì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn kan ń ṣàwàdà, inú ń bí àwọn mìíràn.

Ohun tó fa irú abala bẹ́ẹ̀ ni pé ọjà tí wọn kò tíì rí ni wọ́n ń rà. Onílé sinimá tó bá fẹ́ fíìmù òṣèré bíi Mary Pickford gbọdọ̀ gba òbítíbitì mìíràn mọ́ ọn lọ́wọ́ alágbàtà, tí kò tíì sí ẹni tó wò wọ́n, tí wọn kò tilẹ̀ tíì ya òmíràn nínú wọn. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Paramount ní 1948 ni wọ́n tó fòfin de àṣà náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ta ni onílé sinimá yóò bi léèrè? Ìpolówó kò lè sọ òótọ́ fún un. Àfi kó bi onílé sinimá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kọ́kọ́ jẹ gbèsè lórí fíìmù náà.

Lónìí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá òwò. Ní 2013, Library of Congress gbé ìwádìí David Pierce jáde: nínú fíìmù gígùn aláìlóhùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000 tí Amẹ́ríkà ṣe láàárín 1912 sí 1929, 14% péré ló kù bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde. Ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù nígbà náà tètè ń gbaná. Iná run ilé ìpamọ́ Fox ní Little Ferry, New Jersey, ní 1937. Ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn nínú London After Midnight tí Lon Chaney ti ṣeré ní 1927 jóná nínú ilé ìpamọ́ MGM ní àwọn ọdún 1960. Nípa irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ìpolówó aláwọ̀ ń sọ ohun tí ilé iṣẹ́ ṣèlérí. Lẹ́tà ẹ̀yìn ìwé ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ Sátidé nígbà tí àgbẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ jókòó wò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ àwọn onílẹ́tà di ẹni mímọ́. Onílé sinimá lè bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù kí alágbàtà lè dín owó rẹ̀ kù. Olóòtú ló ń yan èyí tó máa jáde. Ohùn àwọn ilé sinimá tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń lọ ṣọ̀wọ́n nínú abala náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà, wọ́n sì ń san owó fíìmù. Èyí gan-an ló mú kí odidi ìwé ṣe pàtàkì. Nínú ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ kan, ìpolówó, àyẹ̀wò akọ̀ròyìn àti lẹ́tà wà pa pọ̀, ọ̀kan ń já èkejì nírọ́. Ojú ìwé tó ti dá wà nínú férémù kò ní ẹlẹ́rìí mọ́. Irọ́ tó bá pa ni wọn yóò gbà.

Àwọn kan á ní wọ́n ti ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni pé Media History Digital Library, tí Pierce dá sílẹ̀, ti gbé ojú ìwé tí kò lóǹkà síta lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé láti 2013 ni Lantern, tí Eric Hoyt wà nídìí rẹ̀, ti jẹ́ kí ẹni tó bá ti ní dátà lórí fóònù lè wá orúkọ èyíkéyìí nínú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n inú ìwé tí ẹnìkan tọ́jú ni wọ́n ti yà á. Àwọn olùkójọ wà lára àwọn tó yá wọn ní ìwé. Èyí tí wọ́n sì yà láti inú máíkírófíìmù, dúdú òun funfun ni, àwọ̀ ti lọ, ẹ̀yìn ojú ìwé míì sì ṣú. Bí ẹ̀dà tó kù láyé bá ti di gígé, ihò ni kọ̀ǹpútà máa yà.

Olùrajà ló lè dá àṣà yìí dúró. Ẹni tó ń tà kò ní gé ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà ní gígé. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra ìdìpọ̀ oṣù mẹ́fà béèrè pé ṣé ojú ìwé pé, pàápàá ti ẹ̀yìn, kó sì kọ̀ láti san owó kan náà fún èyí tí ọ̀bẹ ti wọ̀. Bó bá fẹ́ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, Harrison's Reports wà níbẹ̀. P. S. Harrison bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 1919, kò gba ìpolówó fíìmù kankan kí ẹnu rẹ̀ má bàa wúwo, owó àsanṣáájú àwọn onílé sinimá ló fi ń ṣe é, ó sì wà títí di 1962. Ọ̀rọ̀ ṣáá ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí ẹni tó ń gé ìwé lè gé níbẹ̀.