Ẹni Tó Fún Ni Ní Mọ́tò

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́ kí ọjọ́ ìpàdé ẹ̀ka tó pé, nítorí ó ti ń fa awuyewuye ní gáréèjì àti lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́. Àbúrò ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ Sienna kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti wọ yunifásítì, ọkọ̀ náà sì ti tóbi jù fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe àánú, kí ẹ̀ka wa bá òun fà á lé ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan lọ́wọ́ nílùú wa níbí. Àwọn kan nínú wa ní kí a tètè gbà á kí ó tó yí ọkàn padà. Àwa kò lòdì sí àánú. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ jókòó ṣírò rẹ̀, nítorí a ti ṣe irú rẹ̀ rí, a sì mọ ibi tó já sí.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ yóò rántí. A dáwó, a ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, a kùn ún ní funfun, a kọ orúkọ ẹ̀ka wa gàdàgbà sí i lára, a pe ayàwòrán, a sì lọ fi lé ilé ìtọ́jú ọmọ kan lọ́wọ́. Wọ́n jó, wọ́n gbàdúrà fún wa. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ màmá tó ń bójú tó ilé náà pé ta ni yóò máa wà á, níbo sì ni owó epo yóò ti máa wá. Dírẹ́bà wa kan tó ti fẹ̀yìn tì ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi wà á láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí a má bínú, òun náà ní ẹnu tí òun ń bọ́. Lẹ́yìn náà gíà bàjẹ́. Wọ́n fi owó wàrà àwọn ọmọ tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Nígbà tí a padà lọ síbẹ̀, bọ́ọ̀sì wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, adìyẹ ti yé sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, orúkọ ẹ̀ka wa sì ṣì ń dán lára rẹ̀. Màmá kò bá wa jà. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé e kúrò, ejò ti ń wọ ibẹ̀." Ojú tì wá.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fún ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Lọ́jọ́ náà, ọrùn ẹni tí a fẹ́ fún gan-an ni a kò wò.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ti ń ṣe é níbi tí ọkọ̀ yìí wà. Ní Amẹ́ríkà, fífi ọkọ̀ ìdílé tọrẹ fún ẹgbẹ́ aláàánú wọ́pọ̀ gan-an. Ènìyàn á pè wọ́n lórí tẹlifóònù, wọn á wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹgbẹ́ náà ni yóò máa fi gbé aláìsàn tàbí arúgbó kiri. Lọ́pọ̀ ìgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò tó wà láàárín ni yóò lù ú ní gbàǹjo, yóò yọ owó tirẹ̀, yóò sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Olùtọrẹ á wá kọ iye ọkọ̀ sínú ìwé owó orí rẹ̀ kí ìjọba lè bá a dín in kù. Ìwé tí àwọn ayẹ̀wéwò tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé aṣòfin wọn gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2003 tọ ipasẹ̀ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ 54. Nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, ohun tó dé ọwọ́ ẹgbẹ́ aláàánú kò ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún iye tí olùtọrẹ kọ fún ìjọba. Bí ẹnì kan bá kọ pé ọkọ̀ òun tó 2,000 dọ́là, ó lè jẹ́ 100 dọ́là péré ni iṣẹ́ àánú rí.

Wọ́n ṣe òfin mìíràn ní 2004. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005, bí iye tí ènìyàn fẹ́ yọ bá ju 500 dọ́là lọ, tí ẹgbẹ́ sì ta ọkọ̀ náà, iye tí wọ́n tà á gan-an ni yóò yọ. Àfi bí ẹgbẹ́ bá fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, tàbí tí wọ́n tún un ṣe gidi, tàbí tí wọ́n fi lé aláìní lọ́wọ́, nígbà náà ló tó lè yọ iye tí ọkọ̀ náà tó lọ́jà. Òfin yẹn tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí ó ń béèrè pé kí ni ẹ̀bùn náà ṣe fún ẹni tó gbà á. Ẹni tó bá sì fi ọkọ̀ ránṣẹ́ tààrà sí ilé ọmọ aláìlóbìí ní Nàìjíríà kò lè yọ kọ́bọ̀ nínú owó orí Amẹ́ríkà, nítorí ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin tiwọn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ rí i pé àbúrò wa kò wá èrè kankan. Ọkàn rẹ̀ mọ́.

Sienna kò ṣàjèjì sí wa. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bí àwa náà ló ń to ó, ní Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky láti 1997, kí iṣẹ́ náà tó lọ sí Princeton ní ìpínlẹ̀ Indiana ní 2003. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ìyá lè fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé ni à ń fi ná Ìbàdàn sí Èkó, pẹ̀lú iye èrò tí ó yẹ kó máa ti àwa tí à ń wà á lójú. Àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ pé èyí tó jẹ́ ti ọdún 2006 sẹ́yìn, bẹ́líìtì ló ń darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ní 90,000 máìlì. Láti 2007 ni wọ́n ti ń lo ṣéènì. Ní ìlú òtútù, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì máa ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ilé iṣẹ́ Toyota pe nǹkan bí 600,000 Sienna padà, nítorí okùn irin tó gbé táyà àpààrọ̀ dúró lábẹ́ ọkọ̀ lè dípẹtà kó já. Àwọn kan nínú ti ọdún 2011 sí 2014 sì wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí àpò afẹ́fẹ́ Takata, èyí tó lè bú kó sì fọ́n irin sí ènìyàn lára. Nítorí náà, kí àbúrò wa fi nọ́ńbà ṣáásí béèrè níbẹ̀ bóyá àtúnṣe ọ̀fẹ́ kan ṣì kù. Bí ọkọ̀ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lè ṣòro láti rí ẹni tí yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún wa. Kí ó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára táyà pẹ̀lú. Bí ó bá kà 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Kó má tan ara rẹ̀ pé eyín táyà ṣì ga.

Ẹnì kan nínú wa ní kí a gba Kútọnù, pé òun mọ ọ̀nà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti ní kí ọkọ̀ kankan má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kò gbọdọ̀ máa sá fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Èbúté ni kó gbà, kí ẹni tó ń tọrẹ sì mọ̀ pé owó èbúté wà lára ẹ̀bùn.

Ọ̀rọ̀ dírẹ́bà ló wá dùn wá jù. Ẹnu dùn ún ròfọ́, gbogbo ènìyàn ní "a ó rí ẹni tí yóò bá wọn wà á." Ta ni? Ẹgbẹ́ tó ń bá ọ̀gá jà nítorí owó oṣù kò lè wá fi iṣẹ́ dírẹ́bà ṣe sàárà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa la mọ ohun tí jálá epo kan ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tí a ó mú wá sípàdé nìyí. Kí àwọn mẹ́ta lọ bá màmá tó ń bójú tó ilé náà, kí wọ́n béèrè ohun tí ó fẹ́. Ó lè jẹ́ owó takisí lọ sí ọsibítù ló nílò. Bí ó bá fẹ́ ọkọ̀, kí àwọn mẹkáníìkì wa máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta láìgba owó iṣẹ́, kí ẹ̀ka sì san owó oṣù dírẹ́bà fún ọdún kan, kí a kọ ọ́ sínú ìwé kí a tó ní kí ọkọ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà. Kí ìwé ọkọ̀ jẹ́ ti ilé náà, kí wọ́n lè tà á lọ́jọ́ tó bá di ẹrù. Bí a kò bá rí owó dírẹ́bà kó jọ, kí a sọ fún àbúrò wa láìtijú pé kó fúnra rẹ̀ ta ọkọ̀ náà níbẹ̀, láìgba ti oníṣòwò àárín, kó sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá.

Ìwé ìdáwó ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ, kó kọ ọ́ pẹ̀lú iye tí yóò máa san lóṣooṣù. A kò ní pe ayàwòrán lọ́tẹ̀ yìí.