Báàjì Abẹ́ Òjé Kò Mọ Ohun Tó Ń Dé Ojú

Sí Olùdarí Àgbà, Àjọ NNRA, Àbújá

Àjọ yín ni òfin gbé ìṣọ́ ìtànṣán lé lọ́wọ́, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò mínísítà ètò ìlera. Ọ̀rọ̀ ojú ni: ojú àwọn dókítà ọkàn, dókítà eegun àti nọ́ọ̀sì tó ń dúró ti tábìlì nígbà tí ẹ̀rọ X-ray bá ń tàn lórí aláìsàn. Épírọ́ọ̀nù òjé bo àyà àti ikùn wọn, ṣùgbọ́n ojú wà ní gbangba. Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń ta ìtànṣán káàkiri, ẹni tó bá sì sún mọ́ ọn jù ló ń gbà jù. Lẹ́ńsì ojú kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò sì lè ju sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ nù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ sí díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi ṣú. Kàtárátì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní 2011, ICRP, àjọ àgbáyé tó ń dámọ̀ràn lórí ààbò ìtànṣán, ní kí ìwọ̀n tí ojú òṣìṣẹ́ lè gbà lọ́dún wálẹ̀ láti 150 mSv (millisievert, òṣùwọ̀n ìtànṣán) sí 20, ìyẹn tí a bá pín ti ọdún 5 dọ́gba, kí ọdún kankan má sì kọjá 50. Òfin ìtànṣán tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 ti jáde ní ọdún 8 ṣáájú ìyẹn, nọ́ńbà yìí kò sì lè sí nínú rẹ̀ nígbà tó jáde. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tuntun lórí ìwé nìkan kò lè dáàbò bo ojú ẹnikẹ́ni. Báàjì tó ń wọn ìtànṣán, tí a so mọ́ àyà lábẹ́ òjé, ohun tó wọ abẹ́ òjé nìkan ló mọ̀. Fáìlì òṣìṣẹ́ lè mọ́ tónítóní lọ́dọọdún, kí ojú rẹ̀ sì ti gba ìlọ́po ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pàṣẹ báàjì kejì, kí wọ́n máa so ó mọ́ ọrùn, lóde òjé.

Àwọn kan á ní ọjọ́ orí ló ń fa kàtárátì. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fà á. Síbẹ̀, àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2010 láti Kuala Lumpur rí àyípadà ní ẹ̀yìn lẹ́ńsì dókítà ọkàn 29 nínú 56 àti nọ́ọ̀sì 5 nínú 11. Nínú ẹgbẹ́ wọn 22 tí kì í bá ìtànṣán ṣiṣẹ́, 2 péré ló ní in. Iye èèyàn yẹn kéré, mo gbà. Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Látìn Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún kan náà, rí i lára dókítà ọkàn 38 nínú ọgọ́rùn-ún, àti 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé àyípadà ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìfọ́jú, pé iṣẹ́ abẹ sì ń wo kàtárátì sàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ kí ojú ẹni tó ń ki wáyà bọ iṣan ọkàn rẹ̀ máa ṣú kí wọ́n tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un?

Ti owó ńkọ́? Ilé ìwòsàn tó rówó ra ẹ̀rọ kò lè sọ pé apá òun kò ká báàjì kan, tàbí gíláàsì òjé tí a gbé kọ́ sí àjà láàárín ojú dókítà àti aláìsàn. Agbára tí yóò mú wọn ṣe é wà lọ́wọ́ yín: nígbà tí wọ́n bá wá gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ wọn, ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ojú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ sí i.