"News" Kì í Ṣe Igun Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ayé

Bi ọmọ ilé-ìwé léèrè ibi tí "news" ti wá, ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀: àríwá, ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ni òyìnbó gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lára wọn, torí gbogbo igun ayé ni ìròyìn ti ń wá. Olùkọ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ olùkọ́. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. "New", tí í ṣe tuntun, ni wọ́n fi "s" kún, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ìròyìn ní "nouvelles", àwọn ohun tuntun. Nínú ìwé òyìnbó àtijọ́, "newes" ni ọ̀pọ̀ ń kọ. Ta ni yóò wá sọ igun ayé tí "e" kejì dúró fún?

"Golf" náà kò bọ́. Wọ́n ní ìkékúrú ìkìlọ̀ ni: ọkùnrin ọmọlúàbí nìkan ni kó wọlé, kí obìnrin má dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1457 ni àwọn aṣòfin Scotland ti fòfin de golf àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, torí eré ń gba àkókò tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọfà títa. Obìnrin kọ́ ni òfin náà ń bá wí.

Èyí tó burú jù ni ti "family". Wọ́n ní "bàbá àti ìyá, mo fẹ́ràn yín" ni lẹ́tà rẹ̀ ń wí. Inú òbí yóò dùn láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹrú ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. "Famulus" ni àwọn ará Róòmù ń pe ìránṣẹ́ tàbí ẹrú; "familia" sì ni gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ baálé kan, tẹrú tọmọ. Nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ yá a lò, àwọn ìránṣẹ́ inú ilé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó di ti bàbá, ìyá àti ọmọ. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, nígbà tí agbo ilé olówó láyé ọjọ́un kún fún ìwọ̀fà àti ẹrú. Ohun tí àlàyé aládùn náà bò mọ́lẹ̀ nìyẹn: ta ló ń pàṣẹ nínú ilé, ta ló ń jẹ́ ẹ.

Àwọn kan á ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí kí ọmọ lè rántí ni. Ẹni tó bá ń fi lẹ́tà ṣeré, kó pè é ní eré. Kó má fi máàkì lé e. Òótọ́ ni pé òyìnbó máa ń fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ dá ọ̀rọ̀. Bí "radar" ṣe dé nìyẹn ní 1940. Àmọ́ àṣà náà kò tíì pẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti pé ẹgbẹ̀ta ọdún, ẹni tó ní ìkékúrú ni kó mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀rí wà fún "OK". Àwọn kan ti ní ọ̀dọ̀ àwọn Choctaw ní Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn mìíràn ní akọ̀wé ọkọ̀ ojú irin kan, Obadiah Kelly, ló ń kọ ọ́ sára ẹrù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Allen Walker Read fi àròsọ sílẹ̀, ó ń tú ìwé ìròyìn àtijọ́. Láàárín àwọn ọdún 1960 ló fi hàn pé ìwé ìròyìn kan ní Boston ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, 1839. Ẹ̀fẹ̀ ni: wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi "all correct" kọ sí "oll korrect", wọ́n wá gé e kúrú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn alátìlẹ́yìn Ààrẹ Martin Van Buren, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Old Kinderhook, sọ ọ́ di ariwo ìdìbò. Van Buren fìdí rẹmi. OK kò bá a lọ.