Ẹ Fi Orúkọ Jọ́ísítíìkì Sílẹ̀, Ẹ Ṣàlàyé Rẹ̀ fún Ọmọ

Ìjà ni mo gbé wá lónìí, n kò sì ní fi bò. Àwọn tí mo fẹ́ bá jà kì í ṣe ọ̀tá èdè Yorùbá nìkan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu nídìí ọ̀rọ̀ èdè yìí. Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ kò ju ọ̀pá kékeré kan lọ, èyí tí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré ìwakọ̀ òfurufú ń pè ní jọ́ísítíìkì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, nísàlẹ̀ òkè Mápó, níbi tí fèrè ọkọ̀ Micra kì í ti í dákẹ́ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di òru. Iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú ni ọmọ náà fi ọkàn sí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan ni ó ní, orí rẹ̀ ni ó sì fi FlightGear sí, eré ìwakọ̀ òfurufú tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsan kọ́bọ̀. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ni ó fi ń wa ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dán an wò yóò mọ̀ pé ìyà gbáà ni: bọ́tìnnì kò mọ díẹ̀, kò mọ púpọ̀, bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, a ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ òfurufú kò sì gba bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ọmọ yìí ṣe tu owó jọ fún oṣù mẹ́jọ, tí ó sì lọ ra jọ́ísítíìkì tòkunbọ̀ kan.

Nígbà tí ó dé ilé, kò rí ibi tí yóò ti ẹnu okùn rẹ̀ bọ̀. Ẹnu okùn náà fẹ̀, eyín wínníwínní 15 ni wọ́n tò sínú rẹ̀ ní ìlà méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ihò USB nìkan ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní. Ẹni tí ó tà á fún un kò gbà á padà. Mo bi ọmọ náà pé, "Ṣé o kò ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni?" Ó ní òun kà á. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé "game port". Ó ní òun rò pé ojú ihò èyíkéyìí tí a bá ti lè fi ohun èlò eré bọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa o: ọmọ yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ "game", ó mọ "port". Ohun tí kò mọ̀ ni pé orúkọ ihò kan pàtó ni, ihò àtijọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà tuntun ti pa tì, tí Microsoft pàápàá kò tì lẹ́yìn mọ́ láti ìgbà Windows Vista, èyí tí ó dé ọjà ní 2007. Gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo ìbá ti gbà á lọ́wọ́ òfò oṣù mẹ́jọ. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un.

Bàbá kan nínú agboolé wa kọ háà. Wọ́n ní, "Owó oṣù mẹ́jọ, nítorí ohun ìṣeré ọmọdé?" N kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀mọ̀wé èdè. Èkínní ní kí n lọ kọ́ ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé Yorùbá kò ní ohun tí ó lè sọ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èkejì gbaná jẹ. Ó ní àbùkù ni pé a ń pe nǹkan náà ní jọ́ísítíìkì, ó sì fi wákàtí kan gbáko wá orúkọ fún un: ọ̀pá ìdarí, ọ̀pá ìtọ́kọ̀, títí tí ó fi kan ọ̀pá ayọ̀! Mo bi í pé bí ọmọ bá fẹ́ ra ọ̀pá ayọ̀ yìí, èwo ni kí ó rà? Ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òun.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà. Ẹni tí ó ní Yorùbá kò lè sọ ọ́, àti ẹni tí ó dá orúkọ sílẹ̀ tí kò sì sọ nǹkan kan lẹ́yìn orúkọ náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lójú tèmi. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ọmọ yẹn sílẹ̀ sọ́wọ́ páálí. Èdè wa ti gba bọ́ọ̀sì, ó gba rédíò, ó gba kọ̀ǹpútà, kò kú. Ẹ jẹ́ kí ó gba jọ́ísítíìkì náà, kí a wá jókòó kí a ṣàlàyé rẹ̀. Ó dáa, èmi yóò bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu okùn, mo ti sọ ọ́: USB ni kí ó jẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a ń gbé inú eruku. Báwo ni ọ̀pá náà ṣe ń mọ ibi tí ọwọ́ tì í sí? Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú oríṣi kan, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ń fara gbo ojú ọ̀nà dúdú kan bí a ti ń ti ọ̀pá náà síwájú sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ń yí ohùn rédíò àtijọ́ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní irú rédíò bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń pariwo ṣáà-ṣáà nígbà tí eruku bá wọ inú rẹ̀. Bí jọ́ísítíìkì náà ṣe ń ṣe nìyẹn: ọwọ́ yín dúró jẹ́ẹ́, imú ọkọ̀ ń gbọ̀n. Nínú oríṣi kejì, òòfà ni wọ́n fi síbẹ̀. Òòfà náà ń sún, ohun kan sì ń wọn agbára rẹ̀ láìfi ara kàn án. Edwin Hall ará Amẹ́ríkà ni ó ṣàwárí ohun tí ó mú èyí ṣeé ṣe ní 1879, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ sára páálí títí di òní: Hall. Níwọ̀n ìgbà tí ohun kan kò ti fara gbo ohun kan, ọyẹ́ inú oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò ní tètè bà á jẹ́. Nítorí náà, bí agbára yín bá ká a, ẹ ra elóòfà. Kí ẹ sì bèèrè dáadáa, nítorí nínú púpọ̀ wọn, òòfà wà fún iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n yíyí ọ̀pá náà ṣì wà lọ́wọ́ èyí tí ń fara gbo.

Yíyí yìí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pá tí ó ṣeé yí bí ìgbà tí a bá ń ṣí omorí ìgò ni ó dára, nítorí yíyí rẹ̀ ni ó ń darí ìrù ọkọ̀. Ẹni tí kò bá ní i yóò ra ẹlẹ́sẹ̀ lọ́tọ̀, owó ńlá sì ni. Ẹ gbé e wò bóyá ìdí rẹ̀ wúwo. Bí ìdí bá fúyẹ́, ọ̀pá yóò máa bá yín rìn káàkiri orí tábìlì. Kí ó ní ohun tí a fi ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù tàbí tí a fi ń bù kún un. Ti iná aláràbarà àti ogún bọ́tìnnì, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà máa fi ìyẹn ṣe ẹ̀ṣọ́ ìsọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni; gbogbo wa ni wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ Airbus, láti orí A320 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988, apá òsì ni ọ̀gá awakọ̀ ń jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ọ̀pá rẹ̀ wà, ọwọ́ òsì ni ó sì fi ń wà á. Púpọ̀ nínú jọ́ísítíìkì ni wọ́n ṣe fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Thrustmaster T.16000M wà lára ìwọ̀nba tí a lè tún tò fún ọwọ́ òsì. Ọmọ tí ó bá ń wo àga ọ̀gá awakọ̀ Airbus, ẹ má gbá a lọ́wọ́.

Bí a bá rà á tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lórí Windows, ẹ tẹ joy.cpl síbi tí a ti ń wá nǹkan, kí ẹ sì yí ọ̀pá náà kárí bí wọ́n bá ti ní kí ẹ ṣe, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí ó parí sí àti ibi tí àárín rẹ̀ wà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó pàdé ohun tí wọ́n ń pè ní dead zone. Èmi fúnra mi ka àlàyé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi Micra ṣe àpèjúwe fún ọmọ náà, kò gbà wá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wọ Micra tí ó ti gbó láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba. Ẹ ó rí i pé dírẹ́bà lè yí sítíárín díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, kí táyà má sì mira. Àlàfo yẹn, tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ kò gbọ́, ni dead zone. Nínú Micra, àìsàn ni. Nínú jọ́ísítíìkì, a lè mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ síbẹ̀ kí ọ̀pá tí ń gbọ̀n má baà da ọkọ̀ láàmú. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ẹ ó máa wakọ̀ bí ọ̀mùtí.

Ìka ni kí ẹ fi di ọ̀pá náà mú, bí ẹni di òròmọdìẹ mú. Ẹ tì í síwájú, imú ọkọ̀ yóò wálẹ̀. Ẹ fà á sẹ́yìn, imú yóò gòkè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ yóò fì sí apá ibẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kì í yà bí Micra. Bí ọlọ́kadà ní kọ́nà ni ó ń yà, ó ń fi ara tẹ̀ sí ibi tí ó ń lọ. Bí ó bá sì rẹ̀ yín láti máa ti ọ̀pá síwájú ṣáá nítorí pé imú ń gòkè, ẹ wá ohun tí wọ́n ń pè ní trim. Ẹ wo obìnrin tí ó ru ẹrù láti Ọjà'ba, tí ó ń gun òkè Mápó. Bí ẹrù bá ń fà á sẹ́yìn, kì í fi ọrùn bá a jà títí dé ilé. Yóò dúró, yóò tún òṣùká rẹ̀ ṣe, ẹrù yóò jókòó, ọrùn yóò sinmi. Trim ni òṣùká ọkọ̀ òfurufú.

Èyí tí ó le jù ni mo fi sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti ń jábọ́, ńṣe ni ọmọ yìí máa ń fa ọ̀pá sẹ́yìn tagbáratagbára, nítorí ohun tí ọkàn ẹni tí ń jábọ́ ń sọ fún un ni pé kí ó gòkè. Òdì kejì ni oògùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń ṣàn gẹ́ẹ́rẹ́ lórí apá ọkọ̀ àti lábẹ́ rẹ̀ ni ó gbé ọkọ̀ dúró. Bí imú bá ga jù, afẹ́fẹ́ náà yóò bọ́ kúrò lórí apá, apá kò sì ní lè gbé ọkọ̀ mọ́. Ẹ ti ọ̀pá síwájú, ẹ jẹ́ kí imú wálẹ̀ kí afẹ́fẹ́ padà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó máa gòkè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2009, ọkọ̀ Air France 447 tí ó ń ti Rio de Janeiro bọ̀ wá sí Paris jábọ́ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ènìyàn 228 ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó yè. Ìwádìí fi hàn pé yìnyín ni ó kọ́kọ́ dí ohun tí ń wọn eré ọkọ̀, àti pé ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ń fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ nínú àkókò tí ọkọ̀ fi ń já wálẹ̀. Awakọ̀ tí ó gboyè ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, ẹ tún un sọ.

Mo gbà pé eré kọ̀ǹpútà kì í sọ ènìyàn di awakọ̀. Wákàtí tí ọmọ yìí ń lò ní Bẹẹrẹ, kò sí ẹni tí yóò kà á fún un lọ́jọ́ tí ó bá ń wá ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú ti ìjọba, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1964, tí wọ́n sì bi í ní ìdí tí a fi ń ti ọ̀pá síwájú nígbà tí ọkọ̀ ń jábọ́, yóò ní ohun tí yóò sọ.

Ẹni tí ó bá sì tún ní Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì, kí ó lọ wo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan péré láàárín àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ó bí èmi náà. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ìwé mélòó ni àwa tí a ń pariwo kọ, tí ó fi Yorùbá ṣàlàyé bí nǹkan kan ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ náà ti ní jọ́ísítíìkì mìíràn báyìí, elóòfà ni, kò sì dán bí ti àkọ́kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná wà, ó gbéra láti pápákọ̀ òfurufú Alákíà lórí kọ̀ǹpútà, ó kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó yà sọ́tùn-ún, ó ń wá Mápó. Kò ju bíi kìlómítà mẹ́sàn-án lọ. Bàbá tí ó kọ háà lọ́jọ́ sí dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ìwọ, tún òṣùká ẹ ṣe, imú ẹ ti ń gòkè."

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní àpèjúwe tí ó sàn ju òṣùká lọ fún trim, tàbí tí ó ju Micra lọ fún dead zone, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, n ó fi kọ́ ọmọ náà. Bí orúkọ tuntun nìkan ni ẹ ní lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣì fi í pamọ́ ná.