Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ

Nígbà tí òbí bá fẹ́ kìlọ̀ fún ọmọ tó ń bá ìpátá rìn, òwe tó sábà máa ń bọ́ sí i lẹ́nu ni pé ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ á di ọṣẹ. Ìkìlọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ibẹ̀ nìkan ni a há òwe náà mọ́. Ẹni tó bá ti ra ọṣẹ dúdú rí mọ ohun tí àwọn àgbà rí: ewé tí wọ́n fi wé e, bó bá ti pẹ́, á rọ̀, á dúdú, á sì máa hó bí omi bá kàn án. Ewé kejì tó wà lórí àtẹ kan náà, tí kò fara kan ọṣẹ, ewé lásán ni títí tó fi gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ewé gan-an ni mo fẹ́ fi òwe yìí wò, nítorí ewé náà máa ń rìnrìn àjò. Ẹ wo inú ìkòkò àgbo ibà nílùú Ìbàdàn. Dóńgóyárò wà níbẹ̀. Igi ilẹ̀ Íńdíà ni, ọ̀dọ̀ Haúsá ni a sì ti gba orúkọ rẹ̀. Ewé ìbẹ́pẹ wà níbẹ̀; Amẹ́ríkà ni ìbẹ́pẹ ti wá. Ewé tíì tó ń ta sánsán, láti Éṣíà ni. Àlejò ló pọ̀ jù nínú ìkòkò yẹn, síbẹ̀ àgbo Yorùbá ni, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀.

Ewé tí a ń pè ní Akíntọ́lá níbì kan, tí a ń pè ní Awólọ́wọ̀ níbòmíràn, Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń bo irúgbìn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àdá bá ṣá ènìyàn lóko lónìí, òun ni wọ́n ń ra, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ta ló kọ́kọ́ dán an wò? Ó ní láti jẹ́ ẹni tó ń ro ó lóko láràárọ̀, tí òórùn rẹ̀ ti wọ̀ lọ́wọ́.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun mọ ewé, ṣùgbọ́n wọn kò lè ru igbó dání. Pèrègún wà nínú ọgbà àwọn ilé òrìṣà ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é. Ìrókò ni kò sí. Wọ́n wá yan igi ńlá kan tó jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀tọ́, gameleira-branca lédè ibẹ̀, wọ́n wé aṣọ funfun mọ́ ọn, Ìrókò ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ní Kúbà, ceiba ni wọ́n fún lórúkọ náà, bẹ́ẹ̀ igi tí a ń pè ní àràbà nílé ni ceiba. Àwọn kan lè ní wọ́n ṣì í pè. Èmi ò gbà. Ẹni tí wọ́n já gbà kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀, tó wo igbó àjèjì yíká títí tó fi rí igi tó lè fi ẹ̀yìn tì, mi ò mọ ìmọ̀ ewé tó ju ìyẹn lọ.

Òyìnbó náà lè di ọṣẹ. Ìlú Paris ni wọ́n bí Pierre Verger sí ní 1902. Ó dé Bahia ní 1946, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ibẹ̀ àti ilẹ̀ Yorùbá, títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, tó di Fátúmbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó ti àwọn babaláwo, tó ń kọ orúkọ ewé àti ọfọ̀ wọn sílẹ̀, kí ìwé rẹ̀, Ewé, tó jáde ní 1995.

Àwa tí a kó wá sí ìlú òyìnbó láìpẹ́ yìí ni mo ní lọ́kàn. Birmingham ni mò ń gbé. Àgúnmu ni a máa ń ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti ilé, èèpo igi tí ẹni tó gbé e wá kò mọ̀, ewúro gbígbẹ. A ń mu ún mọ́ oògùn dókítà, a kì í sì í sọ fún dókítà, èyí tó léwu púpọ̀. Mo mọ̀ pé àárò ilé ló ń ṣe wá. Ṣùgbọ́n ewé tó wà lẹ́sẹ̀ wa níbí, a ò mọ ọ̀kan.

Nílùú yìí ni dókítà William Withering ti ṣiṣẹ́. Ìwé tó kọ lórí ewé foxglove jáde ní 1785, ó sì jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ pé àṣírí ìyá àgbà kan ní Shropshire ló kọ́kọ́ dé etí òun: àgbo fún ara wíwú, tí ewé inú rẹ̀ tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Foxglove ló rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Lára ìbátan ewé yìí ni wọ́n ti ń rí digoxin, oògùn ọkàn tí àwọn dókítà ń lò dòní. Ẹ ò rí i pé ẹlẹ́wé ọmọ wà ní Shropshire! Májèlé sì ni ewé náà. Kó tó yọ òdòdó, ó jọ ewé comfrey, àwọn tó ṣì í já ti fara gbá a. Ojú àlejò kò tó o.

Màmá aládùúgbò mi, ọmọ ìlú yìí, ló kọ́ mi ní nettle, tó ń jóni bí èsìsì. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń já a, ọ̀mùnú rẹ̀ nìkan, kó tó tanná, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Bí omi gbígbóná bá ti kàn án, kò lè jóni mọ́. Mo fi irú àti ata sè é bí ẹ̀fọ́, màmá náà sì jẹ ẹ́. Ó tún fi ewé dock hàn mí, èyí tí àwọn ọmọ ibí ń fi ra ojú ibi tí nettle bá ti jó wọn. Ẹsẹ̀ ti ń dun màmá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kó àwọn ọmọ ìjọ wa tọ̀ ọ́ wá nígbà ìrúwé tó ń bọ̀, kó fi àwọn ewé ojú ọ̀nà etí odò hàn wọ́n nígbà tó ṣì lè rìn ín.