Ẹnu Ẹja Ni Kó Yan Iyanrìn

Ẹja kékeré kan wà nínú odò ìhà gúúsù Nàìjíríà, tí àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú ilé káàkiri ayé mọ̀ sí kribensis. Pelvicachromis pulcher ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí àkókò àtiyé bá tó, ikùn abo rẹ̀ á pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Akọ àti abo á wá ihò lábẹ́ òkúta tàbí gbòǹgbò igi, wọn á máa fi ẹnu kó iyanrìn ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ títí àyè yóò fi gbà wọ́n.

Ẹ wá gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ sínú táǹkì onígíláàsì tí òkúta aláwọ̀ mèremère kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí òkúta kọ̀ọ̀kan tóbi ju orí ẹja náà lọ. Kí ni yóò gbẹ́?

Ojú onílé ló sábà máa ń yan ohun tó wà nísàlẹ̀ táǹkì. Òkúta tó bá aṣọ fèrèsé pálọ̀ mu ni wọ́n ń rà. Ìyà rẹ̀ kò mọ sórí kribensis nìkan. Corydoras, ẹja Gúúsù Amẹ́ríkà, ní irùngbọ̀n tó fi ń wá oúnjẹ kiri nínú iyanrìn. Bí òkúta bá ní etí mímú, tí ìdọ̀tí sì pọ̀ láàárín rẹ̀, irùngbọ̀n yẹn á máa jẹrà lọ. Ẹja kì í ké, onílé lè má tètè mọ̀. Iyanrìn odò tó dán, tó kúnná ju ṣáápù sáǹdì àwọn bíríkìlà lọ, ló tọ́ sí i.

Ti etí òkun ńkọ́? Iyọ̀ àti ìkarahun fífọ́ máa ń wà nínú rẹ̀. Ìkarahun á máa yòrò díẹ̀díẹ̀, omi á sì di èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹja adágún Tanganyika àti Malawi fẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀. Kribensis fẹ́ èyí tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ènìyàn bu iyanrìn gbígbẹ díẹ̀, kó ta ọtí kíkan sí i: bó bá hó, ẹfun ìkarahun wà níbẹ̀.

Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, yóò gba nǹkan bíi kílò 11 iyanrìn kó tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4. Ó yẹ kí tábìlì rẹ̀ lágbára. Iyanrìn tó bá jìn jù tí kò sí ohun tó ń rú u lè di dúdú nísàlẹ̀, kó máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi inú rere pa ẹja. Wọn á kó gbogbo iyanrìn jáde, wọn á fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Wọn kò mọ̀ pé bakitéríà tó ń sọ amóníà inú ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò ní májèlé tó bẹ́ẹ̀ ń gbé lára hóró iyanrìn, àti nínú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Bí wọ́n bá pa bakitéríà yìí tán, amóníà á gòkè, ẹja á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Rọ́bà ni kí wọ́n fi fa ìdọ̀tí kúrò nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ omi: ìdajì ìsàlẹ̀ táǹkì lọ́sẹ̀ yìí, ìdajì kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.