Orúkọ ọjà ló ń pinnu owó ibodè: Ẹ̀kọ́ lára ọ̀pá ìmú-nǹkan

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ẹnu ibodè òde òní, ohun tí wọ́n fi ṣe ọjà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà ló sì ń sọ iye tí ẹni tó kó o wọlé yóò san.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀pá gígùn tí àwọn arúgbó àti àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn fi ń mú nǹkan lókè tàbí nílẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ìdímú tí a ń fún lọ́wọ́, ó sì ní ẹnu bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ní ìkángun kejì. Ní Amẹ́ríkà, ọjà kékeré yìí ti di ohun tí àwọn aṣọ́bodè ń kọ lẹ́tà ìdájọ́ lé lórí.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni Harmonized System, èyí tí Àjọ Aṣọ́bodè Àgbáyé ní Brussels ń bójú tó, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988. Gbogbo ọjà ló ní nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà níbẹ̀. Orí 82 wà fún irinṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ń ṣiṣẹ́ gan-an lára irinṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tàbí ohun líle mìíràn tí ìlànà náà dárúkọ. Bí ẹnu ọ̀pá bá jẹ́ irin, orí 82 gbà á. Bí ó bá jẹ́ ike, ìbéèrè mìíràn dé: kí ló fún ọjà náà ní ìwà rẹ̀ gan-an? Bí ó bá jẹ́ ike, orí 39 ni. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, orí 76 ni. Bí kò bá sí èyí tó borí, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kẹ́yìn ni yóò gbà á.

Ẹnìkan lè ní kí ló kan òun. Ní Amẹ́ríkà, owó ìpìlẹ̀ lórí irinṣẹ́ ilé onírin jẹ́ 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ohun èlò ilé oníke sì jẹ́ 3.4. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n láti 2018 tí ìjọba ibẹ̀ ti ń gbé owó mìíràn lé ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Ṣáínà, nọ́ńbà yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣa àwọn ọjà tó kàn. Nọ́ńbà tó yí díẹ̀ lè sọ èrè di gbèsè.

Èyí tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ti aláàbọ̀ ara. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Nairobi ní 1976 fàyè gba ohun tí wọ́n ṣe ní pàtàkì fún aláàbọ̀ ara láti wọlé láìsan owó ibodè, Amẹ́ríkà sì fi í sínú òfin rẹ̀. Ta wá ni wọ́n ṣe ọ̀pá yìí fún? Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ nílò rẹ̀, ẹni tó ń ṣa ìdọ̀tí ní àgbàlá náà ń lò ó. Ní 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan níbẹ̀ dájọ́ nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ Sigvaris pé àwọn ìbọ̀sẹ̀ kan tí ń fún ẹsẹ̀ kò yẹ fún àǹfààní náà, nítorí kì í ṣe aláàbọ̀ ara ni wọ́n ṣe wọ́n fún ní pàtàkì. Bí ọjà bá ti wúlò fún gbogbo ènìyàn, ẹni tó nílò rẹ̀ jù lè pàdánù ìdẹ̀rùn tí òfin pèsè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Apapa. Nọ́ńbà mẹ́fà yìí kan náà ni ECOWAS kọ́ owó ibodè àjùmọ̀lò rẹ̀ lé lórí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tó sì ní ìpele márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí oníṣòwò bá ka ọjà rẹ̀ sí 10, tí aṣọ́bodè sì pè é ní 20, owó di ìlọ́po méjì. Bí àríyànjiyàn bá ń lọ, owó ìdúró ẹrù ń gorí ara wọn ní èbúté, ẹni tó máa rà á lọ́jà ni yóò sì ru ẹrù náà.

Òfin Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà ti 2023 fún oníṣòwò láàyè láti béèrè ìdájọ́ kí ẹrù rẹ̀ tó wọlé. Èyí dára. Amẹ́ríkà ń gbé lẹ́tà ìdájọ́ tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè fi ti àná wé ti òní. Irú rẹ̀ ló yẹ kí oníṣòwò kékeré wa náà máa rí kà. Ìdájọ́ tí gbogbo ènìyàn kò lè rí, ọjà ìdúnàádúrà ni yóò sọ ẹnu ibodè dà.